Ẹ̀rọ Tó Ń Jẹ́ Massè

Ìlà mẹ́rin péré ni ìwé tí wọ́n fẹ́ fi rán Kòkúmọ́ lọ sẹ́wọ̀n. Oyèfúnkẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọ̀bẹ tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ kalẹ̀.

Orúkọ ẹ̀rọ: Massè.
Ẹni tó dá a: Kòkúmọ́.
Ìgbà tó dá a: Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, agogo mẹ́wàá àárọ̀.
Ohun tó yí padà: oko ọ̀pẹ Ìyábùnmi, ní Massè, di ti Ṣàngóbíyì.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí Oyèfúnkẹ́ ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá Adja-Ouèrè. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ ọ ni pé irọ́ tó gùn a máa rẹ ara rẹ̀. Èyí tó kúrú ni kí ènìyàn bẹ̀rù.

Ọ̀gá rẹ̀, Àbúdùlàhí, dúró lójú fèrèsé, ó ń wo ọjà. Ọjọ́bọ̀ ni, ogúnjọ́ oṣù kẹta, ọjọ́ ọjà Adja-Ouèrè. Alùpùpù àwọn zémìjàn tó ń kó èrò ń pariwo láàárín agolo epo pupa àti àpò gbágùúdá. Lábẹ́ àga ọ̀gá ni àpò gaàrí kékeré kan wà, èyí tí ìyá rẹ̀, Hàbíbátù, ń fi ránṣẹ́ láti oko rẹ̀ ní Kpoulou ní gbogbo ọjọ́ ọjà, bí ẹni pé ọmọ òun kò tíì kúrò lábẹ́ ìtọ́jú.

“Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ yóò gbé ọmọkùnrin náà lọ sí Pobè,” ni ọ̀gá wí. “Bó bá ti dé iwájú adájọ́, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.”

“Ta ló mú ìwé yìí wá, ọ̀gá?”

“Armand, olórí Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Afìmọ̀ṣọ̀kan. Òun ló tẹ̀ ẹ́ jáde látinú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn.”

“Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án náà ló mú ẹ̀rí wá.”

“Oyèfúnkẹ́, má tíì bẹ̀rẹ̀.”

“Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá.”

Ẹgbẹ́ náà ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ààlà oko gbogbo àgbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Òfin kan sì wà nínú ìwé ẹgbẹ́, tí Armand fúnra rẹ̀ kọ: oko tí ìjà bá dé sórí rẹ̀ yóò bọ́ sábẹ́ ọwọ́ olórí ẹgbẹ́ títí ìjà yóò fi parí. Láti àná ni wọ́n ti ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ọ̀pẹ Ìyábùnmi. Gbogbo Massè ló mọ ohun tí àmì pupa túmọ̀ sí. Ọ̀pẹ tó bá gbà á kì í rí òjò ọdún tó ń bọ̀.

*

Kòkúmọ́ jókòó sí igun àtìmọ́lé, ó ká ẹsẹ̀ jọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó lo ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ó jáde pẹ̀lú ipò kìíní, ó padà wá sí ìlú rẹ̀ láti wá sin àwọn ènìyàn rẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko, ẹgbẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Oyèfúnkẹ́ mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Wọ́n ti pe òun náà bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí méjì lọ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣe é,” ni ó wí.

“Mi ò bi ọ́ bóyá o ṣe é. Ẹ̀rọ wo ni o máa ń dá? Sọ ọ́ fún mi bí ẹni sọ fún Ìyábùnmi.”

Ó mí kanlẹ̀. “Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ọ́fíìsì. Gbogbo ènìyàn ló ń tẹ̀ ẹ́, ìdọ̀tí oríṣiríṣi ti wọ inú rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ fara kan ìdọ̀tí yẹn. Mo wá ń dá ẹ̀rọ mìíràn sínú rẹ̀, ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ, tí kò ní irin, tí kò ní wáyà. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni ẹ̀mí rẹ̀. Àárọ̀ la ń dá a, inú rẹ̀ la ti ń ṣí àkọsílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, a pa á rẹ́. Ìlà mẹ́rin nìkan ló ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn: orúkọ rẹ̀, ẹni tó dá a, ìgbà, àti ohun tó yí padà.”

“Lójoojúmọ́ lo ń ṣe gbogbo ìyẹn?”

“Níbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é. Kí n gbé Linux sí i, kí n fún un ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, kí n to bọ́tìnnì rẹ̀ kí ó lè kọ àmì ohùn Yorùbá. Ọ̀sán á ti pọ́n kí n tó parí, àwọn àgbà á ti sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì. Mo wá kọ ìwé-ìlànà. Gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe ni mo kọ sínú rẹ̀, ní ẹsẹẹsẹ, kí kọ̀ǹpútà máa dá a ṣe fúnra rẹ̀. Àṣẹ kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó parí.”

“Ta ló ń sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín díẹ̀ yọ lójú rẹ̀. “Ìwé-ìlànà náà ni. Ó ń wo ọjọ́ lára aago kọ̀ǹpútà, ó ń ka ọjà ọrọọrún: Adja-Ouèrè, Massè, Kpoulou, Ikpinlè, kí ó tún padà sí Adja-Ouèrè. Ọjà tó bá bọ́ sí ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n, àgbẹ̀ wo ló ń sọ pé ọjọ́ kejìlá oṣù ni òun wá? Wọ́n á ní, ‘Ọjà Kpoulou tó kọjá ni mo wá fi ìka tẹ̀wé.’ Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo ti mọ ibi tí n ó wò.”

“Kí ni ọ̀gá rẹ sọ sí i?”

“Ó ní eré ọmọdé ni.”

“Ìgbà wo lo fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà kẹ́yìn?”

“Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá. Mo tún nọ́ńbà kan ṣe nínú ìwé-ìlànà láàárọ̀. Nígbà tó di agogo méjìlá, ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ sílé. Kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀.”

Oyèfúnkẹ́ kò béèrè nọ́ńbà tó tún ṣe. Kí ọjọ́ náà tó pé ìdajì, ara rẹ̀ ni yóò bínú sí nítorí ìyẹn.

*

Ọ́fíìsì Armand tutù bí inú àmù. Ìwé ẹ̀rí mẹ́ta wà lára ògiri, gíláàsì bò wọ́n. Ẹni náà ga, ó múra dáadáa, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Kọ́kọ́rọ́ kan rọ̀ sí ọrùn rẹ̀ lórí ẹ̀wọ̀n fàdákà.

“Madimọsẹ́ẹ̀lì, ẹ jókòó. Ẹ fojú fo ariwo ọjà yìí, bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyí.”

Oyèfúnkẹ́ jókòó. Kì í ṣe lójoojúmọ́.

“Níbo lẹ wà ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀gá?”

“Cotonou. Ọjọ́ méjì ni mo lò níbẹ̀, ìwé òtẹ́ẹ̀lì mi nìyí.” Ó ti gbé e sórí tábìlì kí wọ́n tó béèrè. “Kòkúmọ́ nìkan ló wà níbí. Ó dùn mí, ẹ gbà mí gbọ́. Bí ọmọ ni mo ṣe mú un.”

“Ṣàngóbíyì tí wọ́n kọ oko náà fún ńkọ́?”

“Àbúrò ìyá Kòkúmọ́ ni. Ṣé ó tún kù?” Ó ṣẹ́jú wẹ́wẹ́. “Ẹ̀jẹ̀ ń pe ẹ̀jẹ̀.”

“Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù,” ni Oyèfúnkẹ́ wí, ó ṣí ìwé àjákọ rẹ̀. “Agbẹjọ́rò Kòkúmọ́ lè sọ pé ẹlòmíràn ló wọlé lẹ́yìn tó lọ, tó ba ẹ̀rí jẹ́.”

“Kò ṣeé ṣe. Láti ọ̀sán ọjọ́ kẹwàá, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló kù, ọrùn mi ló sì wà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà àfi èmi.”

“Òun ńkọ́, láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá yẹn kan náà? Ó lè ti tọwọ́ bọ nǹkan kó tó jáde.”

“Mo dúró lé e lórí látìgbà tó ti dé títí ó fi jáde. Eré ọjà rẹ̀ yẹn nìkan ló ń tún ṣe. Kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.”

“Ṣé ẹ lè kọ ìyẹn sílẹ̀ fún wa, kí ẹ fọwọ́ sí i?”

“Tayọ̀tayọ̀, madimọsẹ́ẹ̀lì.”

Lẹ́tà rẹ̀ lẹ́wà. Oyèfúnkẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí tàdáwà náà kó gbẹ kó tó ká a.

*

Nígbà tí zémìjàn tó gbé Oyèfúnkẹ́ fi dé Massè, oòrùn ti dé àtàrí. Àmì pupa wà lára ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n àyà ènìyàn, bí ẹni tí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ tì sẹ́yìn. Ìyábùnmi, opó tó ni oko, jókòó sórí ìtì igi. Kò sunkún. Ó ń ka àwọn ọ̀pẹ náà lẹ́nu jẹ́jẹ́.

Lórí ọ̀pẹ kan tó ga, ọkùnrin kan rí aṣọ ọlọ́pàá, ó sì dì mọ́ igbà rẹ̀ ṣinṣin.

“Ṣàngóbíyì, sọ̀ kalẹ̀,” ni Oyèfúnkẹ́ wí.

“Mi ò sọ̀. Ibí ni n ó ti dáhùn.”

“O fẹ́ kí n gùn ún wá bá ọ ni?”

“Ẹ má gbìyànjú rẹ̀, ìyá. Ẹ ó ba ọ̀pẹ jẹ́.”

Ìyábùnmi ṣẹ́rìn-ín kúkúrú kan, ẹ̀rín tí kò ní adùn. “Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀ mí láràárọ̀ kí n tó jẹ́ kó dá ẹmu, òun ni wọ́n ní ó jí oko mi. Olè tó ń tọrọ ààyè.”

Ṣàngóbíyì sọ̀ kalẹ̀ níkẹyìn. Ó yẹ kí Oyèfúnkẹ́ fura sí i: ó kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, ó ń làágùn, oko ló bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wo ìwé tí wọ́n nà sí i, orí ìwé náà ló dojú kọ ilẹ̀, kò sì yí i padà.

“Ohun tí mi ò lè kà ló sọ mí di olóko,” ni ó wí. “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì wà ní àtìmọ́lé nítorí mi.”

“Níbo lo wà ní Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún?”

“Ẹ dákun, mi ò mọ ọjọ́ karùn-ún.”

“Ọjọ́rú tó ṣáájú ikú Ìyálọ́jà Massè.”

Ojú rẹ̀ là. “Ìyẹn ni kí ẹ ti sọ. Ọjà Kpoulou là ń ná lọ́jọ́ náà. Mo gbé kèrègbè ẹmu méjì lọ.”

“Èmi àti òun la jọ lọ,” ni Ìyábùnmi wí. “Epo ni mo rù.”

Oyèfúnkẹ́ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún. Orúkọ ẹ̀rọ: Massè.

“Ìyá, ṣé ẹ kò ṣì í? Ṣé kì í ṣe ọjà Massè?”

“Àná ọjọ́ náà ni ti Massè. Ọmọ mi, ènìyàn lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí i, kì í gbàgbé ọjọ́ ọjà.” Opó náà gbé ojú sókè. “Lẹ́yìn ìyẹn ni òǹkà wá yí. Ìyálọ́jà kú ní ìdájí Sátidé tó yẹ kí a ná ọjà Massè. Àwọn àgbà ní a kò gbọdọ̀ pàtẹ lójú òkú rẹ̀. A wá ná an lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ọjà yòókù sì sún ọjọ́ kan síwájú. Títí di òní.”

Afẹ́fẹ́ kọjá láàárín àwọn imọ̀ ọ̀pẹ. Oyèfúnkẹ́ ti padà sẹ́yìn alùpùpù kí opó náà tó parí ọ̀rọ̀.

*

“Nọ́ńbà wo lo tún ṣe lọ́jọ́ kẹwàá?”

Kòkúmọ́ dìde. “Ti òǹkà ọjà, ẹ̀gbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ pe ara rẹ̀ ní Ikpinlè, bẹ́ẹ̀ ọjà Kpoulou là ń ná. Mo rántí pé wọ́n ti sún ọjà síwájú nítorí Ìyálọ́jà. Mo yọ ọ̀kan kúrò nínú òǹkà, mo tún ẹ̀rọ náà dá, ó sì bọ́ sí i.”

“Ṣé wọ́n ti fi ìwé yìí hàn ọ́?”

“Rárá. Wọ́n kàn sọ fún mi pé ó wà.”

Oyèfúnkẹ́ na ìwé náà láàárín irin. Ọmọkùnrin náà kà á. Ó tún un kà. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì yọ ọ̀kan yẹn lọ́jọ́ karùn-ún.”

“Mo mọ̀.”

*

Agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wá sí àgọ́ ọlọ́pàá. Armand náà ti dé, nínú aṣọ funfun, ó ní òun wá dágbére fún ọmọ òun. Kòkúmọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níta, awakọ̀ ti tan ẹ́ńjìnnì.

“Ṣe é kíá,” ni Ọ̀gá Àbúdùlàhí wí.

Oyèfúnkẹ́ fa aago kọ̀ǹpútà sẹ́yìn sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta, ó tẹ àṣẹ kan ṣoṣo. Ìlà lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lójú ẹ̀rọ, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá. Orúkọ yọ: Massè.

Armand rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ohun tó wà nínú ìwé náà ni. Mo rò pé ẹ̀rí mi ni ẹ ń tì lẹ́yìn, madimọsẹ́ẹ̀lì.”

“Ìwé-ìlànà ti òní nìyẹn, ọ̀gá.” Oyèfúnkẹ́ dá nọ́ńbà kan padà sí bó ti wà kí Kòkúmọ́ tó tún un ṣe. “Èyí ni ti ọjọ́ karùn-ún gan-an.”

Ìṣẹ́jú mẹ́rin mìíràn. Òógùn kan sọ̀ kalẹ̀ létí Armand, ó sì gba abẹ́ kọ́là aṣọ funfun náà lọ. Orúkọ yọ: Kpoulou.

“Ọjà Kpoulou ni wọ́n ná lọ́jọ́ náà,” ni Oyèfúnkẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Ẹ̀rọ tí Kòkúmọ́ bá dá lọ́jọ́ náà kò lè jẹ́ Massè láéláé. Kí ó tó lè jẹ́ Massè, ó di dandan kí a dá a lẹ́yìn tí ó yọ ọ̀kan yẹn, kí a sì fa aago sẹ́yìn láti purọ́ ọjọ́. Láti ọjọ́ kẹwàá síwájú nìyẹn.”

“Òun náà lè ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá. Ó wà níbẹ̀.”

Oyèfúnkẹ́ tú ìwé kan ká, ó kà á bí ẹni ka ẹ̀kọ́ fún kíláàsì. “‘Mo dúró lé e lórí títí ó fi jáde. Eré ọjà rẹ̀ nìkan ló ń tún ṣe. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà àfi èmi.’ Ọwọ́ yín nìyí, ọ̀gá Armand. Ó lẹ́wà.”

Armand di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú.

“Iṣẹ́ ọmọ yìí ni ẹ fi ṣe é,” ni Oyèfúnkẹ́ ń bá a lọ. “Ẹ̀yin kò lè kọ ìlà kan nínú rẹ̀. Ohun tó ń mú kí ẹ̀rọ dá ara rẹ̀, òun ló tún ń mú kó sọ ara rẹ̀ lórúkọ, orúkọ náà sì ń kọjá lójú yín. Ọdún mẹ́ta lẹ ti fi jókòó lórí ilẹ̀ àwọn ènìyàn yìí, ẹ kò sì bìkítà láti mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ná ọjà. Ẹ ní eré ọmọdé ni.”

Ọ̀gá Àbúdùlàhí fọwọ́ nu ojú. “Ó tó. Ẹ tú ọmọ náà sílẹ̀.”

Wọ́n ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kòkúmọ́ kò jáde. Ó rọra súnmọ́ kọ̀ǹpútà náà, ó ń wo gbogbo ìlà mẹ́rin-mẹ́rin tí àwọn ẹ̀rọ ti fi sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibí. Ọjọ́ kẹrin, Massè. Ọjọ́ karùn-ún, Massè; wọ́n ti pa Kpoulou tí mo dá rẹ́. Ọjà kan kì í tẹ̀lé ara rẹ̀. Níbikíbi tí a bá ti rí orúkọ kan lẹ́ẹ̀mejì léra…”

Kò parí rẹ̀. Ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ó ń dúró, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Oyèfúnkẹ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù kejì: Adja-Ouèrè, Adja-Ouèrè. Ikpinlè, Ikpinlè. Oṣù kìíní: Massè, Massè. Oko mẹ́rin ti yí padà, ó di márùn-ún. Nígbà tó kan ẹ̀kẹfà, ìka ọmọkùnrin náà dúró, kò sì ka orúkọ náà síta.

Ọ̀gá Àbúdùlàhí tẹ̀ síwájú, ó kà á fúnra rẹ̀. Oko gbágùúdá, ní Kpoulou. Ti Hàbíbátù tẹ́lẹ̀.

Armand ń wo ilẹ̀. Níta, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń lọ sí Pobè ṣì ń hó.

Fóònù ọ̀gá dún nínú àpò rẹ̀. Ó wò ó, ó sì gbé e sétí. Yàrá náà dákẹ́ débi pé gbogbo wọn gbọ́ ohùn Hàbíbátù, tó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu níbi iṣẹ́.

“Ọmọ mi, ṣé o rí gaàrí gbà? Àwọn ọkùnrin kan wà nínú oko mi níbí, ọ̀dà pupa ni wọ́n gbé dání. Wọ́n ní ọlọ́pàá ló rán wọn. Ṣé ìwọ ni?”